Ẹ Má Da Kùkù Àgbàdo Síbí Mọ́

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n gbáko ni Ìyá Onígò fi fọ ìgò ní yàrá tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò erùpẹ̀ kí wọ́n tó ní kó máa lọ sinmi. Kì í ṣe ìgò ọtí, kì í sì í ṣe ìgò òróró. Àwọn ìgò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń po erùpẹ̀ mọ́ omi sí ni. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń fọ̀ ni etí rẹ̀ ń gbọ́, nítorí àwọn ọ̀mọ̀wé kì í ka ẹni tó ń fọ ìgò sí ẹni tó ní etí. Wọn ò bi í léèrè ohun tó mọ̀ rí, òun náà ò sì sọ. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, wọ́n fún un ní aago ara ògiri kan àti ìwé ìmọrírì tí wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ, ó sì forí lé ilé.

Ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Àwọn méjì péré ni bàbá wọn bí. Ẹ̀gbọ́n yìí ló ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yín àgbàdo ní òdìkejì títì, Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ sì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kí bàbá wọn tó kú ni páìpù ńlá kan tó gba apá òkè ilẹ̀ náà kọjá bẹ́. Epo rọ̀bì tú jáde fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko kí ilé-iṣẹ́ tó ni páìpù tó rántí ibi tí wọ́n ti ń tì í pa. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn dé tàwọn ti bàtà rọ́bà funfun, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n da iyanrìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lórí, wọ́n sì ri pátákó kan mọ́lẹ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: ILẸ̀ YÌÍ TI MỌ́. Láti ọjọ́ náà, yàtọ̀ sí pátákó yẹn, kò sí nǹkan kan tó tún dúró lóòró lórí ilẹ̀ ọ̀hún. Koríko pàápàá kọ̀ ọ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ pín ilẹ̀, Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ ní òun ni àgbà, òun ni yóò kọ́kọ́ mú. Ó mú apá ìsàlẹ̀, níbi tí àgbàdo ti ń ṣe dáadáa, ó fi apá òkè tó dúdú bí ìdí ìkòkò sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀.

"Ìwọ lo ti bá àwọn ọ̀mọ̀wé erùpẹ̀ ṣiṣẹ́," ló wí. "O ó mọ ohun tí o máa fi ṣe."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ìyá Onígò dáhùn lójú gbogbo ẹbí, "ẹ ti ṣa gbogbo ẹran inú ọbẹ̀ tán, ẹ wá ní ká wá jẹun."

Àwọn ẹbí bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ lè fara da èébú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi òun rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ ò gbà á. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, kò sì bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ ire mọ́.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn ìyẹn tí Ìyá Onígò ṣí fèrèsé láàárọ̀, ló bá rí òkìtì kan lórí ilẹ̀ rẹ̀. Kùkù àgbàdo ni, àti háríhá, àti ìyàngbò tí ẹ̀rọ ń tu jáde. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ máa ń dáná sun wọ́n lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀. Ní báyìí ó ti ra bárò tuntun, ó ń tì í kọjá títì fúnra rẹ̀, ó ń da ẹrù inú rẹ̀ sílẹ̀ gìrìgìrì, ó sì ń gbọn ọwọ́ bí ẹni tó ṣiṣẹ́ rere.

Ìyá Onígò sáré jáde láìwọ bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń ṣe yìí? Ilẹ̀ mi lẹ sọ di ààtàn?"

"Ilẹ̀ tó ti bàjẹ́? Pàǹtí wo ló tún kù tó lè bà á jẹ́?" Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ nawọ́ sí pátákó. "Àbí o ò rí i kà ni? Wọ́n ní ó ti mọ́. Mo fẹ́ kí o rí nǹkan gbá níbẹ̀ ni."

Inú bí Ìyá Onígò lọ́jọ́ náà, inú bí i tọkàntọkàn. Kò jẹun àárọ̀, kò jẹ tọ̀sán. Ó sunkún díẹ̀ nílé ìdáná, ó nu ojú, ó tún sunkún. Kì í ṣe nítorí kùkù. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló máa ń gùn lọ sílé ìwé nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì gbà á dé ibẹ̀.

Oṣù méjì ni òjò fi rọ̀ lé òkìtì náà. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Onígò gbé ṣọ́bìrì, ó ní òun ó kó gbogbo rẹ̀ padà sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ni ín. Ó kó ṣọ́bìrì kan, ó kó èkejì. Nígbà tó ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta wọlẹ̀, ó dúró. Erùpẹ̀ abẹ́ òkìtì náà kò lẹ̀ mọ́ irin bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó bu díẹ̀ sọ́wọ́, ó gbé e sí imú. Epo ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ti rọ̀, bíi ti aṣọ mẹkáníìkì tí wọ́n ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó sì rí ekòló kan tó ń yí ara rẹ̀ láàárín erùpẹ̀ náà. Ekòló! Lórí ilẹ̀ tí eèrà ń yà fún!

Ìyá Onígò jókòó sórí kùkù àgbàdo. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní yàrá àyẹ̀wò nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀ tí ohùn rẹ̀ ń dún bíi fèrè ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún: "Ilẹ̀ tí epo bà jẹ́ kò tíì kú. Àwọn kòkòrò tí ojú ò rí wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé epo gan-an ni oúnjẹ wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò rí afẹ́fẹ́ mí, wọn ò sì rí nǹkan mìíràn jẹ mọ́ epo yẹn. Ẹ kó ìyókù oko fún wọn: kùkù àgbàdo, háríhá, èèpo ẹ̀wà. Ẹ fi ìgbẹ́ adìyẹ sí i. Ẹ máa wọ́n omi sí i, ẹ máa tú u, kẹ́ ẹ wá máa wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì gbàgbé. Ìyá Onígò ò kọ ọ́ sílẹ̀ ní tiẹ̀.

Ó kó ṣọ́bìrì méjì tó ti kó kúrò padà sí ààyè wọn, ó sì tẹ́ wọn dáadáa.

Ìṣòro kan ló kù. Òkìtì yẹn ò bo ìdá kan nínú ogún ilẹ̀ rẹ̀. Ó nílò kùkù púpọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ní in. Bó bá lọ bẹ ẹni náà, ọjọ́ yẹn gan-an ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun ún. Láti kékeré ló ti mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀: bó o bá fẹ́ kó fi nǹkan sílẹ̀, bẹ̀ ẹ́ pé kó wá gbà á.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Onígò dúró sí àárín títì, ó ká ọwọ́ lérí.

"Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ bá mi bẹ ẹ̀gbọ́n mi o! Kó má da kùkù àgbàdo síbí mọ́! Kó má dójú tì mí!"

Kó tó di ọ̀sán, bárò márùn-ún ti wọlé.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó bá fẹ́ kí ẹrù pọ̀ sí i, á pariwo. Bó bá fẹ́ kó lọ sí ibòmíràn, á ní, "Ẹ ṣáà ti ń dà á sí wájú, mo ti gbà. Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ má ti dé ìdí ọgbà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, torí ibẹ̀ ni mò ń jókòó sí tí mo bá fẹ́ gba atẹ́gùn." Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ìdí ọgbà ti kún dé orúnkún. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún aládùúgbò kan, létí ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé ohun gbogbo lòun lè mú mọ́ra láyé, àmọ́ òórùn ìgbẹ́ adìyẹ ń bá òun lára jà. Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ ní ọ̀rẹ́ kan tó ń sin adìyẹ. Àpò mẹ́rìnlá ni wọ́n jọ rù wá, wọ́n fi aṣọ bomú, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ìyá Onígò ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó fi ìrọ̀rí bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín tirẹ̀.

Láàárọ̀, tí ẹ̀rọ bá ti ń pariwo ní òdìkejì títì, á gbé ọkọ́, á máa tú òkìtì pọ̀ mọ́ ilẹ̀, á bomi wọ́n ọn. Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ á nawọ́ sí i han àwọn oníbàárà rẹ̀, á ní, "Ẹ wò ó, ó ń bo ìtìjú mọ́lẹ̀."

Iṣẹ́ ńlá ni ìjà náà. Àwọn ọjọ́ kan wà tí èébú á tán lẹ́nu rẹ̀, á jókòó sídìí ààrò, á máa wá ọ̀rọ̀ tuntun bí ẹni tó ń wá iyọ̀. Ìyàwó Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ sì fẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ pátápátá lọ́jọ́ kan. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ dákun ẹ má bínú. Ojú ń tì mí. Mo ti pinnu, màá gbé bárò yẹn pamọ́."

"Má gbé e pamọ́ o!" ni Ìyá Onígò fi ìgbe bọnu. Ó rí i pé ojú ìyàwó là kalẹ̀, ló bá rọ ohùn. "Ọkọ rẹ ni, Ìyàwó. Má tìtorí mi bá a jà. Èmi á fara dà á."

Ìyàwó sunkún lọ sílé, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé áńgẹ́lì ni àǹtí òun. Àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kí Ìyá Onígò tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò bá wọn jiyàn.

Ọdún méjì lọ báyìí. Lápá iwájú, koríko ti yọ, ẹyẹ ti ń bà síbẹ̀. Àfi lọ́sẹ̀ kan tí kùkù kankan ò dé. Ọ̀sẹ̀ kejì, kò dé. Ìyá Onígò jáde, ó bú ẹ̀rọ, ó bú ẹni tó ṣe ẹ̀rọ, kò rí ẹni dá a lóhùn. Nígbà náà ni aládùúgbò kan sọ fún un pé inú rírun ti gbé Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un.

Ó ra ọsàn, ó wọ ọkọ̀. Bí ẹnì kan bá bi í lójú ọ̀nà pé ṣé nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣe ń lọ àbí nítorí kùkù àgbàdo, yóò ní méjèèjì ni. Kò ṣáà ní fẹ́ kí wọ́n bi òun èwo ló ṣíwájú.

Ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti rù, wọ́n wọ aṣọ ilé ìwòsàn tí okùn ẹ̀yìn rẹ̀ ti já fún un. Àánú rẹ̀ ṣe é débi pé kò mọ ohun tó lè sọ, ló bá lọ mú ọ̀rọ̀ tó mọ́ ọn lẹ́nu.

"Bẹ́ ẹ bá dìde níbí, ẹ má wulẹ̀ ronú àtida nǹkan kan sórí ilẹ̀ mi mọ́ o."

Ó ń retí kí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ le. Omi ló jáde láti ojú náà.

"Mi ò ní dà á mọ́," ni Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ wí. "Láéláé. Nígbà tí wọ́n tẹ́ mi sórí tábìlì yẹn, tí iná ńlá ń tàn sí mi lójú, ìwọ ni mò ń rò. Mo ti ṣẹ̀ ọ́ jù."

Àyà Ìyá Onígò já. "Kò tó bẹ́ẹ̀. Kùkù lásán ni."

"Ìwà ìkà ni!"

"Kò burú púpọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Má tù mí nínú! Àti ìgbẹ́ adìyẹ yẹn!" Ló bá bú sẹ́kún.

Ìgbẹ́ adìyẹ yẹn ló dára jù níbẹ̀: ọ̀rọ̀ yìí dé ètè Ìyá Onígò, ó yáa fi ègé ọsàn dí i. Ó mọ̀ pé ó yẹ kóun sọ òtítọ́. Ó ti lanu pàápàá. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó ní kí wọ́n má da aláìsàn láàmú, ló bá rí àwáwí, ó dìde.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, láàárọ̀ kùtù, ariwo katakata ló jí i. Nígbà tó fi máa dé ìta, katakata náà ti gun orí ilẹ̀ rẹ̀, àwọn lébìrà mẹ́rin tẹ̀ lé e, Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ sì ń fi ọ̀pá tilẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn wọn, ojú rẹ̀ ń dán fún ayọ̀.

"Wá wò ó!" ló pariwo. "Gbogbo ìdọ̀tí tí mo kó sí ọ lọ́rùn ni màá kó kúrò lónìí. Erùpẹ̀ tí ìdọ̀tí yẹn ti bá pàápàá, màá há a kúrò. Iyanrìn funfun ni màá fi dípò!"

Ìyá Onígò sáré, ó lọ wólẹ̀ síwájú katakata, ó di irin rẹ̀ mú.

"Dìde, àbúrò mi," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí pẹ̀lú ìtìjú. "Má dúpẹ́ púpọ̀ báyìí. Ẹ̀tọ́ ni mò ń ṣe."

"Mi ò dúpẹ́! Ẹ ní kó pa iná ẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ yín, kùkù yẹn ló ń wo ilẹ̀ mi sàn!"

Awakọ̀ pa iná. Níbi tó wó sí náà ló ti sọ gbogbo rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n, àti ekòló, àti bó ṣe ń pariwo kí ẹrù lè dé. Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ tẹ́tí sílẹ̀ láìmira.

"Ọdún méjì?" ló béèrè nígbẹ̀yìn.

"Ọdún méjì àti oṣù kan."

"Gbogbo ìgbà tí mò ń ti bárò nínú oòrùn yẹn... tí mo rò pé mò ń jẹ ọ́ níyà?"

"Mo mọ̀ pé bí mo bá bẹ̀ yín, ẹ ò ní ṣe é."

Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ wẹ̀yìn bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí. "Àpò mẹ́rìnlá," ló sọ jẹ́jẹ́. "Orí mi ni mo fi rù ú."

Ọ̀kan nínú àwọn lébìrà bú sẹ́rìn-ín. Ojú Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ pọ́n. Ó yí ọ̀pá rẹ̀ padà, ó bá ọ̀nà tó gbà wá lọ. Katakata tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ náà, Ìyá Onígò rí i pé ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ fún ọdún méjì ló ń bínú, òun tí wọ́n ṣẹ̀ ló sì ń wá bó ṣe máa bẹ̀bẹ̀.

Ó fi ọjọ́ díẹ̀ sílẹ̀ kí ara ọkùnrin náà lè rọlẹ̀. Nígbà náà ló bu erùpẹ̀ sínú ọ̀rá, ó gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò tó ti ṣiṣẹ́ rí. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ọjọ́sí ló ti di ọ̀gá níbẹ̀ báyìí. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ọ̀gá yìí mú ìwé àbájáde jáde, ó wo ìwé, ó wo ìyá, ó tún wo ìwé.

"Mà, ìdá méje nínú mẹ́wàá epo yìí ti lọ. Ẹ tún fún un ní ọdún kan. Ta ló kọ́ yín?"

"Ọ̀jọ̀gbọ́n yín náà ló kọ́ mi," ni Ìyá Onígò wí. "Mo wà níbi omi ẹ̀rọ nígbà tó ń kọ́ yín."

Ọ̀gá náà wolẹ̀ fún ìtìjú.

Ó ku ọdún kan, kùkù sì ti dáwọ́ dúró. Ìyá Onígò kíyè sí ohun kan: ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, síbẹ̀ èéfín ò sí lẹ́yìn ìsọ̀. Níbo ni kùkù ń lọ? Ó ká ìwé àbájáde rẹ̀ mọ́wọ́, ó sọdá títì, ó pinnu pé òun máa tọrọ nǹkan tààrà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò bá a ní ìsọ̀. Ìyàwó ní ó wà lóko.

Ó bá a ní apá ìsàlẹ̀, ní ilẹ̀ dáadáa tó mú fún ara rẹ̀, níbi tó ti bá ti Ìyá Onígò pààlà. Poro mẹ́fà tó sún mọ́ ààlà ni àgbàdo rẹ̀ ti rọ mọ́lẹ̀, tí ewé wọn pọ́n bí ìwé àtijọ́. Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ tẹ̀ síbẹ̀, ó ń fi ọkọ́ tú kùkù àgbàdo pọ̀ mọ́ ilẹ̀ dúdú kan tó ń dán.

Epo ti rìn wálẹ̀. Kò yẹ kó ya ẹni tó bá mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni nǹkan olómi ń ṣàn sí lẹ́nu, àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n pín ilẹ̀, wọn ò rò ó débẹ̀.

"Ọdún wo ló ti bẹ̀rẹ̀?" ni Ìyá Onígò béèrè.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò gbójú sókè. "Ọdún tá a pín in gan-an. Poro kan ni nígbà yẹn."

"Ẹ ò sì sọ."

"Kí n sọ fún ta ni? Ṣebí èmi ni mo ní kí n kọ́kọ́ mú?"

Ẹ̀rín gun Ìyá Onígò lọ́nà ọ̀fun débi pé omi lé sójú rẹ̀. Ọdún méjì ni ọkùnrin yìí ti ń ru oògùn kọjá lára ọgbẹ́ tirẹ̀ lọ dà sí ti ẹlòmíràn! Ṣùgbọ́n ó rí ọ̀já tí wọ́n fi di ikùn rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Kùkù yẹn ti nípọn jù," ló wí. "Atẹ́gùn ò ní rí ọ̀nà. Ẹ ò sì tíì bomi sí i."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ṣé èmi ni mo fọ ìgò?"

"Ẹ gbé ọkọ́ yẹn wá. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ò gbọdọ̀ tẹ̀ báyìí."

Ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tú ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jókòó sórí àpò kan, ó ń sọ fún un bó ṣe yẹ kó mú ọkọ́. Ọjọ́ náà ni wọ́n pinnu pé kùkù ọjọ́ kan á lọ sókè, ti ọjọ́ kejì á wá sísàlẹ̀. Wọ́n jà lórí ẹni tí ti ọjọ́ Àìkú máa jẹ́, ìjà gidi ni wọ́n sì jà ní tòótọ́.

Nígbà tí ọdún yí po, ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò wá fúnra rẹ̀, ó ní ilẹ̀ òkè ti ṣe é gbìn. Ti ìsàlẹ̀ ò tíì ṣe é gbìn, epo ti tàn dé àárín rẹ̀, ó máa gbà tó ọdún méjì sí i. Òun àti àwọn àlejò méjì tó kó wá béèrè ẹni tó kọ́kọ́ da kùkù sórí ilẹ̀ náà.

"Èmi ni," ni Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ wí, ó ti etí ẹ̀wù rẹ̀ bọ ṣòkòtò. "Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Àbúrò mi gan-an ò fẹ́ nígbà yẹn. Ẹ bi gbogbo àdúgbò, ariwo ló ń pa."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Ìyá Onígò yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti iwájú dé ẹ̀yìn bóyá òun á rí irọ́ kan nínú rẹ̀. Kò rí.

Àwọn àlejò lọ tán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá dúró tì í, ó ń fi ẹsẹ̀ họ ilẹ̀.

"Kí n tó lè gbin nǹkan sí tèmi," ló bẹ̀rẹ̀, "mo ní bóyá o lè yọ̀ǹda poro bíi mélòó kan fún mi lókè níhìn-ín."

Ìyá Onígò wọlé, ó mú okùn jáde. Ó wọn ogún poro fún un létí títì, níbi tí ilẹ̀ ti kọ́kọ́ sàn. Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń ka poro, ó ń mi orí.

"Ibí yìí mà ti sún mọ́ ojú ọ̀nà jù," ló wí. "Ewúrẹ́ á máa jẹ ẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ìyá Onígò wí, "ẹ di ojú okùn yẹn mú, ẹ jẹ́ kó le dáadáa."

Ó dì í mú.